Ìwé Ìpè Àfọwọ́ṣe àti Aṣọ Àwọn Ọ̀rẹ́ Ìyàwó: Bí Wọ́n Ti Ń Ṣètò Ìgbéyàwó ní Ilẹ̀ Íńdíà

Kò sí ìran kan lábẹ́ ọ̀run, ìbáà ṣe èyí tí ń gbé orí òkè tàbí èyí tí ń gbé etí òkun, tí kì í fi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ yangàn. Nítorí ní ọjọ́ tí a bá ń fa ọmọbìnrin lé ọkọ lọ́wọ́ ni gbogbo ayé ń mọ irú ilé tí ó ti jáde wá, bí ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti fẹ́ràn ara wọn tó, àti irú ọwọ́ tí baba rẹ̀ fi ń mú aládùúgbò. Àwa ọmọ Oòduà, ọmọ káàárọ̀-o-jíire, mọ èyí dájú, nítorí náà ni a ṣe ń dá aṣọ ẹbí, tí a ń di igbá ìyàwó, tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń sun ẹkún ìyàwó kí ó tó kọjá sí ilé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Íńdíà, ilẹ̀ àwọn ahunṣọ tí ń fi wúrà ṣe òwú, àwọn tí ń fi ṣẹ́dà bo ọmọ wọn láti orí dé gìgísẹ̀: ohun méjì ni ó ń ṣíwájú ìyàwó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀, èkíní ni ìwé tí ó gbé ìròyìn ayọ̀ rẹ̀ láti ilé dé ilé, èkejì ni aṣọ tí àwọn arábìnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ yí i ká. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń ṣètò nǹkan méjèèjì nígbà tí a bá fẹ́ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn; ohun tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé mi fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àsìkò oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ètò rẹ̀, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn tí kò kàn wá ni èyí. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti Leicester, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Íńdíà jọ ń lọ sí ilé-ìwé kan, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan. Kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ kí ọmọ wa wà lára àwọn tí yóò tẹ̀lé ìyàwó ará Íńdíà, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ di ìyàwó ilé wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí ọmọ wa mọ ohun tí yóò wọ̀ àti ìdí tí yóò fi wọ̀ ọ́, nítorí aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.

Ọjọ́ ni ìpìlẹ̀ ètò. Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù náà kì í dédé mú ọjọ́ ìgbéyàwó, àfi kí àlùfáà tàbí awòràwọ̀ wọn ṣí kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń pè ní panchang, kí ó wo ipò òṣùpá àti ìràwọ̀ tí a bí ọkọ àti ìyàwó sí, kí ó sì mú ọjọ́ àti wákàtí tí ó sàn jáde. Oṣù mẹ́rin gbáko wà, láti nǹkan bí oṣù Keje títí di nǹkan bí oṣù Kọkànlá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ìyàwó, nítorí wọ́n gbà pé òrìṣà wọn, Vishnu, ń sùn ní àkókò náà. Ní apá àríwá, wọ́n tún ń yẹra fún oṣù kan láti àárín oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìíní. Ohun tí èyí ń fà ni pé àwọn ọjọ́ rere tí ó ṣẹ́kù a máa fún mọ́ ara wọn: bí Vishnu bá ti jí báyìí, ìlù ìgbéyàwó a gba òpópónà kan, ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ, àwọn aránṣọ àti àwọn tí ń ṣe ìwé a sì kún fọ́fọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó pójú owó, kí ó ti gbé iṣẹ́ náà fún wọn kí oṣù mẹ́rin yìí tó wọlé, kí wọ́n lè fi àkókò tí òde kò dí ṣe é ní àṣeyanjú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ìwé ṣáájú. Ìlú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ Jaipur, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rajasthan. Sanganer ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn Kagzi, ìdílé àwọn Mùsùlùmí tí ìwé ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, ti ń fi ọwọ́ ṣe ìwé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, èyí tí àwọn akọ̀wé ààfin fi ń kọ ìwé ìṣirò àti ìwé àṣẹ ọba. Nígbà tí ìwé ẹ̀rọ gba ọjà, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ṣùgbọ́n Mahatma Gandhi, ẹni tí ó gbà pé òmìnira ilẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ọwọ́ àwọn ará abúlé bá dilẹ̀, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1934 fún ìgbéga iṣẹ́ ọwọ́ abúlé, ìwé ṣíṣe sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé dìde ní ìlú Wardha. Báyìí ni èémí ṣe padà sára iṣẹ́ tí ó ti ń kú lọ, títí ó fi di pé ìwé Sanganer ń la òkun kọjá lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Àkísà òwú ni wọ́n fi ń ṣe ìwé yìí. Wọn a ra gígé aṣọ tí ó ṣẹ́kù ní ilé-iṣẹ́ àwọn aránṣọ, wọn a ṣà á ní àwọ̀ àwọ̀, wọn a yọ bọ́tìnì àti ohun líle gbogbo kúrò nínú rẹ̀, wọn a gé e sí wẹ́wẹ́, wọn a sì dà á sínú ọpọ́n ńlá olómi kan tí àgbá onírin ń yí nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí àkísà yóò fi kúnná bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Bí ìyàwó bá fẹ́ kí òdòdó hàn lára ìwé rẹ̀, àsìkò yìí ni wọn yóò da òdòdó gbígbẹ tàbí koríko tín-ín-rín sí i. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ yóò ri asẹ́ onígun mẹ́rin bọ inú omi, yóò gbé e sókè ní ìdọ́gba, yóò mì í jẹ́jẹ́ kí fọ́nrán òwú lè wọnú ara wọn, omi yóò sì jò lọ. Ohun tí ó bá kù lójú asẹ́ ni abala ìwé kan. Wọn a da abala náà délẹ̀ sórí aṣọ, wọn a to abala lé abala pẹ̀lú aṣọ láàárín wọn, wọn a fi irin wúwo tẹ̀ ẹ́ kí omi lè fún jáde, wọn a sá a sórí okùn, nígbà tí ó bá sì gbẹ tán, wọn a fi í sáàárín irin pẹlẹbẹ kí ojú rẹ̀ lè dán. Etí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í tọ́; a máa rí ṣákaṣàka díẹ̀, èyí sì ni àmì tí ojú fi ń mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ni ó ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e dọ́gba ti gé ẹwà rẹ̀ dànù. Nígbà òjò, abala kan a máa pẹ́ kí ó tó gbẹ, ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tí ń múra ìgbéyàwó oṣù Kọkànlá dúró di oṣù Kẹjọ kí ó tó wá ìwé kiri.

Bí ìwé bá délé, kíkọ ni ó kù. Lókè ìwé ìpè ẹlẹ́sìn Híńdù, àwòrán Ganesh ni yóò wà, òrìṣà olórí erin, amúdìínàkúrò, ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun rere láìkọ́kọ́ kí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa náà ti ń júbà kí wọ́n tó gba agbo. Orúkọ àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni ó tẹ̀lé e, nítorí àwọn ni wọ́n ń pe ènìyàn. Orúkọ àwọn òbí tẹ̀lé tiwọn. Ìgbà náà ni a tó rí orúkọ ọkọ àti ìyàwó. Ní ọ̀pọ̀ ilé, nísàlẹ̀ pátápátá, wọn a fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹnu àwọn ọmọ kéékèèké inú ìdílé, tí wọ́n ń bẹ àlejò pé kí ó má ṣàì wá síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, ọ̀rọ̀ tí ń mú inú àgbàlagbà rọ̀ ju ìpè àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ayẹyẹ wọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, èyí ni ó sì mú kí ìwé ìpè wọn ní ojú-ewé púpọ̀. Ọjọ́ làálì wà, tí a ń ya iṣẹ́ ọnà sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó. Alẹ́ orin àti ijó wà. Òwúrọ̀ tí wọn yóò fi àtalẹ̀ pupa pa ọkọ àti ìyàwó lára wà, kí awọ ara wọn lè mọ́ kí ó sì dán. Ìwọ̀lú ọkọ lórí ẹṣin pẹ̀lú ìlù àti fèrè wà. Ìyípo iná mímọ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìṣísẹ̀ méje, tí ẹ̀jẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àsè ńlá sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n olùṣètò a kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ewé ìwé tirẹ̀, yóò sì fi okùn ṣẹ́dà dì wọ́n pọ̀, kí ó lè jẹ́ pé ewé tí ó bá kan àlejò kan nìkan ni yóò wà nínú àpò ìwé tirẹ̀. Ẹni tí a pè sí àsè kò ní rí ewé ọjọ́ làálì, kò sì ní sí ìbínú. Yíǹkì náà gba ìṣọ́ra, nítorí ìwé òwú a máa mu yíǹkì ju ìwé ẹ̀rọ lọ, lẹ́tà tín-ín-rín a sì máa dàrú lójú rẹ̀: kí a kọ́kọ́ dán an wò lára abala kan, kí lẹ́tà tóbi tó fún ojú àgbàlagbà, kí ẹni tí kò bá wa kọ ọ́ sì kà á láti òkè délẹ̀ kí a tó tẹ gbogbo rẹ̀, nítorí àṣìkọ orúkọ àna lójú ìwé ìpè, ọ̀ràn tí ẹ̀bẹ̀ kì í tètè tán ni. Àwọn mìíràn a fi òǹtẹ̀ onígi tí a gbẹ́ lọ́wọ́ tẹ òdòdó yí etí ìwé ká, iṣẹ́ tí Sanganer kan náà gbajúmọ̀ fún lára aṣọ. Àwọn mìíràn a fi aṣọ sárì àtijọ́ ìyá àgbà ṣe ìbòrí àpò ìwé, èyí tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀, tí ó sì ń fa ìyá àgbà wọnú ìgbéyàwó náà.

Wàyí o, ìwé tí a kọ tán kò tíì di ìpè títí a ó fi gbé e lọ. Ìwé àkọ́kọ́, ti Ganesh ni. Nínú odi àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Ranthambore, ní Rajasthan, tẹ́ńpìlì rẹ̀ kan wà tí ìwé ìpè ìgbéyàwó ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé láti gbogbo Íńdíà, àlùfáà a sì máa kà wọ́n sí etígbọ̀ọ́ òrìṣà náà. Ẹni tí kò bá lè fi ránṣẹ́ sí ibẹ̀ yóò gbé tirẹ̀ síwájú ojúbọ ilé. Lẹ́yìn òrìṣà ni ìbátan. Ní Rajasthan àti Gujarat, ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò dìde lọ sí ilé arákùnrin rẹ̀ láti pè é, nítorí ẹ̀bùn aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ wà tí arákùnrin ìyá gbọ́dọ̀ gbé wá, ìgbéyàwó kò sì pé bí kò bá sí níbẹ̀. Wọn a fi àtalẹ̀ pupa tàbí ìyẹ̀fun pupa tí ń jẹ́ kumkum kan igun ìwé, kí ó lè di ohun ìbùkún. Wọn a gbé àpótí àkàrà dídùn tẹ̀lé e. Wọn a sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé àgbà lọ́wọ́. Àwa tí àwọn baba wa ń fi obì pe ara wọn sí ìnáwó kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa yóò mọ ohun tí èyí jẹ́: ìpè tí a fi ẹnu àti ẹsẹ̀ gbé lọ wúwo ju èyí tí a jù sínú àpótí lọ. Àlejò náà mọ ojúṣe tirẹ̀, nítorí owó tí yóò fi ta ọkọ àti ìyàwó lọ́rẹ a máa parí sí ení, bí rúpì 101 tàbí 501, rúpì kan tí ó lé yìí ni ó sì dúró fún ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn, kí ọrọ̀ wọn má ṣe parí sí òdo.

Ìwé ti lọ, ó ku aṣọ. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ní àṣà pé kí ìyàwó yan ọ̀rẹ́ díẹ̀ tí yóò tẹ̀lé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ kan náà. Ní Íńdíà àtijọ́, gbogbo arábìnrin, gbogbo ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n baba àti àbúrò ìyá, àti gbogbo ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n ń yí ìyàwó ká, oníkálukú nínú aṣọ tí ó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóde òní, pàápàá láàárín àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, wọ́n ti so àṣà méjèèjì pọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń dá aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń dá. Àwa tí a ti mọ aṣọ ẹbí tipẹ́ kò nílò ẹni tí yóò sọ fún wa bí ojú ti ń dùn tó nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá jáde nínú àwọ̀ kan.

Àwọ̀ ni a ó kọ́kọ́ yàn, ó sì ní òfin. Pupa ni àwọ̀ ìyàwó Híńdù ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ ìyàwó má ṣe wọ pupa ìyàwó, kí ó má baà dà bí ẹni tí ń bá a du ipò. Funfun gedegbe ni aṣọ ọ̀fọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò sì fẹ́ rí dúdú níbi ìgbéyàwó. Bí a bá yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, ọ̀nà là: ọ̀pọ̀ a máa wọ àwọ̀ ewé ní ọjọ́ làálì, wọn a sì wọ àwọ̀ yẹ́lò ní òwúrọ̀ àtalẹ̀ pupa, kí aṣọ òwúrọ̀ yìí jẹ́ òwú lásán tí kò wọ́n, nítorí àtalẹ̀ pupa kì í kúrò lára aṣọ, ẹni tí ó bá sì wọ ṣẹ́dà olówó ńlá lọ síbẹ̀ ti fi aṣọ rẹ̀ tọrẹ. Ọjọ́ ìyípo iná ni a ń kó ṣẹ́dà jáde, tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń wọ àwọ̀ tí yóò gbé pupa ìyàwó yọ, bí aró, bí àwọ̀ ewé gbígbó, tàbí àwọ̀ wúrà.

Oríṣi aṣọ méjì ni ó gbajúmọ̀. Sárì ni èkíní, aṣọ gbọọrọ tí a kò rán, tí gígùn rẹ̀ sábà ń tó yáàdì 6, tí a ń ró lé orí yẹ̀rì pẹ̀lú búláòsì kékeré. Ní Maharashtra, èyí tí ó tó yáàdì 9 wà. Lehenga ni èkejì, síkẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ tí ó dé kókósẹ̀, pẹ̀lú búláòsì àti ìborùn tí a ń jù sí èjìká. Ìlú Varanasi, ní etí odò Ganges, ni ó gbajúmọ̀ fún sárì ṣẹ́dà tí a fi òwú wúrà àti fàdákà hun òdòdó sí. Àwọn ahunṣọ Mùsùlùmí tí à ń pè ní Ansari ni ó pọ̀ jù nídìí òfì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó Híńdù ni ó ń wọ̀ ọ́, tí ọwọ́ ẹlẹ́sìn kan fi ń ṣe ẹlẹ́sìn kejì lọ́ṣọ̀ọ́ ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀. Sárì kan lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá díjú a sì gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ní gúúsù, ní ìlú Kanchipuram, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, àwọ̀ etí aṣọ a máa yàtọ̀ sí àwọ̀ inú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀kọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń hun ún, ènìyàn méjì a sì jókòó ti òfì kan kí etí àti inú lè wọ ara wọn, oríkèé ibẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé aṣọ lè gbó kí ibẹ̀ má tú.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká ṣẹ́dà wọ̀nyí fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà tàbí méje, kí ó yíjú sí Gujarat àti Rajasthan, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe bandhani. Aládìrẹ Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo kò ní ṣàì mọ iṣẹ́ yìí bí ó bá rí i, nítorí àdìrẹ oníko ni: wọn a fi èékánná ṣa aṣọ ní kínkín, wọn a fi òwú di ojú kọ̀ọ̀kan pinpin, wọn a rẹ ẹ́ sínú aró tí ó mọ́ jù, wọn a tún dì, wọn a tún rẹ ẹ́ sínú èyí tí ó jìn jù, títí aṣọ yóò fi kún fún ojú tó-tò-tó tí ìlà wọn ń ya òdòdó àti ijó. Ojúlówó rẹ̀ a máa rún ní ibi tí wọ́n ti tú òwú, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ a sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Varanasi: ní ìlú Surat, ẹ̀rọ ń hun ayédèrú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó yí ẹ̀yìn aṣọ síta, kí ó wo bí òwú ti ń fò láti òdòdó dé òdòdó, kí ó sì wo etí rẹ̀ bóyá ojú ihò abẹ́rẹ́ tí ó nà án sórí òfì wà níbẹ̀, kí ó tún fa fọ́nrán kan yọ, kí ó sun ún, nítorí ṣẹ́dà tòótọ́ a máa rùn bí irun tí ó jóná. Láti ọdún 2009 ni òfin Íńdíà ti dáàbò bo orúkọ aṣọ Varanasi, kí ẹlòmíràn má baà fi orúkọ náà ta ohun tí kò ti ibẹ̀ wá.

Fún lehenga, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ọba. Ní Lucknow, wọn a na aṣọ sórí férémù igi gbọọrọ, ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin a jókòó yí i ká pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíká, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu-kíká fa okùn wúrà tín-ín-rín gba ojú aṣọ kọjá títí ewé, ẹyẹ àti òdòdó yóò fi dìde níbẹ̀. Zardozi ni wọ́n ń pè é. Aṣọ bẹ́ẹ̀ wúwo púpọ̀, ibi tí olùṣètò sì ti gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n ṣe é nìyí, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọkọ bá bọ́ bàtà kí ó tó jókòó síwájú iná mímọ́, àwọn arábìnrin àti ọ̀rẹ́ ìyàwó ni yóò jí i gbé, tí wọn yóò fi í pamọ́, tí wọn yóò sì ní kí ọkọ san owó kí ó tó rí i gbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyàwó ilé wa ti ń gba owó ìṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹbí ọkọ. Ẹni tí yóò sáré, tí yóò jó, tí yóò sì dìde jókòó nígbà púpọ̀, kí iṣẹ́ wúrà aṣọ rẹ̀ wà ní etí ìsàlẹ̀ àti ní ìborùn, kí àárín rẹ̀ fúyẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni aránṣọ. Búláòsì ni ìdánwò rẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ mú ara gẹ́lẹ́: kí a wọn ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí aránṣọ fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán fún ìtúsílẹ̀, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́ wò ní nǹkan bí oṣù kan sí ọjọ́ náà. Kí aránṣọ má gbàgbé láti fi ọ̀já òwú kan rán ìsàlẹ̀ sárì nínú, kí aṣọ lè balẹ̀ dáadáa, kí gìgísẹ̀ má sì gbó o. Ẹni tí kò bá tíì ró sárì rí, kí ó kọ́ ọ ṣáájú: a ó ki etí rẹ̀ bọ yẹ̀rì ní ìbàdí ọ̀tún, a ó yí i ká ara lẹ́ẹ̀kan, a ó ṣẹ́ ẹ lé ara wọn ní ìpele márùn-ún sí méje níwájú, a ó ki ìpele náà bọ ìdí idodo kí ojú wọn kọ sí apá òsì, a ó tún yí èyí tí ó kù ká, a ó sì jù ú sí èjìká òsì, ṣùgbọ́n ní Gujarat, láti ẹ̀yìn ni ó ń gba èjìká ọ̀tún wá síwájú. Píìnì ni yóò mú un dúró, yẹ̀rì tí okùn rẹ̀ le ni yóò sì gbé e ró, nítorí gbogbo ìwúwo aṣọ wà lọ́wọ́ okùn náà.

Bí mo bá fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan fún òbí tàbí ìyàwó tí ó ń ka èyí, ohun tí n ó wí nìyí: ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọjọ́ náà, kí ọjọ́ ti dúró, kí àwọ̀ ti dúró, kí ṣẹ́dà sì ti wà lórí òfì, ní oṣù mẹ́fà, kí a ti ra ìwé, kí a sì fi abala díẹ̀ kún iye tí a nílò nítorí ìbàjẹ́, ní oṣù mẹ́rin, kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù mẹ́ta, kí ìwé tí yóò la òkun kọjá ti kúrò nílẹ̀, ní oṣù méjì, kí a máa gbé ti ìtòsí láti ilé dé ilé, ní oṣù kan, kí gbogbo aṣọ ti wọ ara wò. Ẹ ó rí i pé ìyá ìyàwó nìkan kò lè ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò wọ aṣọ ni ó yẹ kí ó máa di okùn ìwé ìpè, nítorí ẹni tí ó ti fi ọwọ́ kan ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní òpin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọdọ̀ gbé mì. Iye owó tí a ń rí lára aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kọ́ ni ó ń dé ọwọ́ ẹni tí ó hun ún, nítorí alágbàtà pọ̀ láàárín wọn, ọ̀pọ̀ ahunṣọ Varanasi ni ó sì ti fi òfì sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ mìíràn nítorí pé owó ọ̀hún kò tó jẹun. Bí àyè bá wà, kí a ra aṣọ lọ́dọ̀ ahunṣọ tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wọn; bí àyè kò bá sí, kí a bèèrè ẹni tí ó ṣe é, kí a má sì fi ìnájà fa owó iṣẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Owó oníwèé, owó ahunṣọ, owó aránṣọ, kí gbogbo rẹ̀ ti tán kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, nítorí a kì í fi gbèsè oníṣẹ́ ọwọ́ sin ọmọ lọ sí ilé ọkọ. Ẹni tí ó bá san án bẹ́ẹ̀ ti ṣe ohun tí ó ju ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀ lọ: ó ti jẹ́ kí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dúró nídìí rẹ̀ de ọmọ ẹlòmíràn.